Swíìṣì Ethernet lórí okùn fáíbà l'Ábújá: ìmọ́lẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wá, kíbọ́ọ̀dù lẹ́yìn

Bí pọ́ọ̀tì fáíbà (okùn dígí tó ń gbé ìmọ́lẹ̀) bá kọ̀ tí kò tàn, láptọ́ọ̀pù ni ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ máa ń kọ́kọ́ fà yọ. Wọ́n á pa VLAN (ìpín nẹ́tíwọ́ọ̀kì inú swíìṣì) rẹ́, wọ́n á tún un kọ, wọ́n á pa swíìṣì (ẹ̀rọ tó ń so nẹ́tíwọ́ọ̀kì pọ̀), wọ́n á tún un tàn, bẹ́ẹ̀ eruku ọyẹ́ tó lẹ̀ mọ́ orí patch cord (okùn fáíbà kúkúrú tí a fi ń so ẹ̀rọ) ló ń fi wọ́n ṣeré. Láti Abuja títí dé Kaduna àti Kano, ohun mẹ́rin ló sábà máa ń pa ìsopọ̀ tuntun: iná tí a so lódì, earth (wáyà ilẹ̀) tí kò múlẹ̀, orí fáíbà tó dọ̀tí, àti SFP (ẹ̀rọ kékeré ẹnu pọ́ọ̀tì tó ń sọ iná di ìmọ́lẹ̀) tí agbára rẹ̀ kò bá gígùn okùn mu. Kọ́ńfígì (ètò tí a kọ sínú swíìṣì) ló kẹ́yìn, òun náà ló sì rọrùn jù láti tún ṣe.

Kí ẹ tó kúrò ní ọ́fíìsì

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Swíìṣì tí ẹ kò tíì tàn rí lórí tábìlì kò gbọ́dọ̀ gun ọkọ̀ lọ sí Gwagwalada. Ẹ tàn án, ẹ gbé software rẹ̀ dé ẹ̀dà tí iléeṣẹ́ yín ń lò, ẹ kọ gbogbo kọ́ńfígì tí kò ní í yí padà sí i, kí ẹ sì so swíìṣì ti ìpẹ̀kun méjèèjì pọ̀ wò. Ṣùgbọ́n bí SFP yẹn bá jẹ́ ti 80 km, ẹ má fi patch cord mítà kan so méjèèjì lásán. TX rẹ̀ (ẹnu tó ń ju ìmọ́lẹ̀) lè tó +5 dBm (ìwọ̀n agbára ìmọ́lẹ̀), RX rẹ̀ (ojú tó ń gbà á) kò sì fẹ́ ohun tó ju −3 dBm lọ. Ìmọ́lẹ̀ tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ lè fọ́ ojú RX pátápátá, kí ẹ sì máa rò pé ọjà àlòkù ni wọ́n tà fún yín. Ẹ ki attenuator (ohun tó ń dín ìmọ́lẹ̀ kù) 15 dB (dB ni ìwọ̀n ìdínkù) sáàárín: +5 á di −10, ara á sì tu RX.

Nínú àpò iṣẹ́: mítà iná, power meter (mítà ìmọ́lẹ̀) pẹ̀lú light source (ohun tó ń ju ìmọ́lẹ̀) tó ní 1310 àti 1550 nm (gígùn ìgbì ìmọ́lẹ̀), tọ́ọ̀ṣì pupa tí a fi ń wá ibi tí fáíbà ti ṣẹ́, ẹ̀rọ tí a fi ń wo orí fáíbà, click cleaner (ohun ìnu orí fáíbà) ti LC àti ti SC (oríṣi orí fáíbà méjì), ọtí isopropyl pẹ̀lú aṣọ ìnùjú tí kì í hu òwú, attenuator 5 dB àti 10 dB, patch cord márùn-ún ó kéré tán, SFP méjì àfikún, wáyà console (èyí tí a fi ń so láptọ́ọ̀pù mọ́ swíìṣì), àti téèpù tí a fi ń kọ orúkọ. Wáyà console wà láwọn ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà ní Wuse 2, ṣùgbọ́n ẹ kò ní í rí click cleaner rà lójú ọ̀nà Zuba, ẹ má gbàgbé rẹ̀. Ẹ sì ti bá maigadi ibùdó náà sọ̀rọ̀ láti àná. Bí ẹ bá dé géètì tí kò mọ̀ yín, Yorùbá tí ẹ gbọ́ dénú dénú kò ní í ṣílẹ̀kùn.

Iná àti earth

Iná −48 V ni ilé ẹ̀rọ tẹlifóònù ń lò. Ohun tó ń rú àwọn tó ti iṣẹ́ wáyà ilé wá lójú ni pé pọ́sítíìfù ló so mọ́ earth níbí, nẹ́gétíìfù ló gbé iná. Kì í ṣe àṣìṣe. Láyé wáyà bàbà ni wọ́n ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ kí ìpẹtà má baà jẹ wáyà tó wà nínú ilẹ̀. Ẹ fi ọwọ́ pupa mítà sí ẹsẹ̀ 0 V, ẹ fi dúdú sí ẹsẹ̀ −48. Bí rectifier (ẹ̀rọ tó ń sọ iná NEPA di iná DC) bá ń ṣiṣẹ́, nǹkan bí 54 V ni ẹ ó rí. Bí àmì ìyọkúrò bá jáde níwájú rẹ̀, ẹsẹ̀ ti yí padà, ẹ má tan nǹkan kan. Wáyà búlúù ni ọ̀pọ̀ ibùdó fi ń ṣe −48, dúdú fún 0 V, ṣùgbọ́n ẹni tó so ti ibi tí ẹ wà lè má rí búlúù rà lọ́jọ́ náà. Mítà ni kí ẹ gbà gbọ́, kì í ṣe àwọ̀.

Bíréékà kò ní àdììtú. Swíìṣì tó ń jẹ 120 W á fa 2.5 A ní 48 V. Nígbà tí NEPA bá lọ, tí jẹ́nẹ́rétọ̀ kò tíì dìde, tí bátìrì sì ti sọ̀ kalẹ̀ dé 43 V, á fa 2.8 A, nítorí pé bí fólítì bá ń dín, amp ló ń pọ̀. Bíréékà 6 A tó fún un. Wáyà 2.5 mm² tó bá gùn tó mítà 10 kò ní í pàdánù tó ààbọ̀ volt lójú ọ̀nà. Bí swíìṣì bá ní ẹnu iná méjì, A àti B, kí A lọ sórí bíréékà tirẹ̀, kí B lọ sórí òmíràn. Àwọn kan máa ń so méjèèjì mọ́ bíréékà kan ṣoṣo kí iná méjèèjì lè máa tàn fún àwọn aláyẹ̀wò. Lọ́jọ́ tí bíréékà yẹn bá já, A àti B á jọ kú pọ̀ ni.

Earth ni ẹ ó kọ́kọ́ so, òun náà ni ẹ ó tú kẹ́yìn. Wáyà aláwọ̀ ewé àti ìyeyè 16 mm² ni kí ẹ fi so ráàkì mọ́ bàà earth. Swíìṣì fúnra rẹ̀ lè gba 6 mm² bí ìwé rẹ̀ bá fàyè gbà á. Ẹ ha ọ̀dà ara ráàkì kúrò níbi tí ẹ ó ti dè é, torí ọ̀dà kì í gbé iná. 5 ohm ni ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ní kí earth ibùdó má kọjá. Ìgbà tí ẹ wọ̀n ọ́n ló ṣe pàtàkì. Láti oṣù Kọkànlá títí dé oṣù Kẹta, ilẹ̀ Abuja máa ń gbẹ, ti Kano àti Katsina tún pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Earth tó fún yín ní 3 ohm ní oṣù Kẹjọ lè ti kọjá 5 kó tó di oṣù Kejì. Lẹ́yìn èyí ni òjò àkọ́rọ̀ á dé pẹ̀lú àrá tí kì í ṣeré, á sì bá earth níbi tó ti burú jù. Nítorí náà, ẹ̀ẹ̀rùn ni kí ẹ wọ̀n ọ́n. Bí ẹ bá fẹ́ ri ọ̀pá earth kejì mọ́lẹ̀ kún un, ìgbà yẹn náà ni.

Eruku

Ibi tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà nínú fáíbà single-mode (irú tó ń gbé ìmọ́lẹ̀ lọ jìnnà) fẹ̀ ní máíkírọ́ọ̀nù 9 péré. Irun orí ènìyàn fẹ̀ tó nǹkan bí 70. Ẹyọ eruku kan ṣoṣo nínú èyí tí ọyẹ́ ń gbé wá láti aṣálẹ̀ tó láti bo ojú ọ̀nà náà. Bí ẹ bá sì ti orí méjì pa pọ̀ mọ́ eruku yẹn, á ha dígí, á sì di ọgbẹ́ tí ọtí kankan kò lè fọ̀.

Ẹ wò ó, ẹ nù ún, ẹ tún un wò. Bí ẹ ó ṣe ṣe é lójú ODF (páńẹ́ẹ̀lì tí okùn fáíbà ìta ti ń parí) nìyí: ẹ pa ojúlé ibùdó dé, ẹ pa fáàní tó ń fẹ́ níta bí ó bá ṣeé pa. Ẹ ṣí ọmọrí patch cord, ẹ fi ẹ̀rọ wò ó. Àárín rẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ́ kedere, láìsí àmì kankan lórí àyíká kékeré tó wà láàárín. Ẹ ti click cleaner wọlé tààrà títí ẹ ó fi gbọ́ tí ó dún, lẹ́ẹ̀kan. Bí ìdọ̀tí náà bá jẹ́ ti òróró ìka, ẹ fi aṣọ tó tutù díẹ̀ sí ọtí isopropyl nù ún sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí ẹ tún fi gbígbẹ nù ún. Ọtí tó bá gbẹ síbẹ̀ fúnra rẹ̀ máa ń fi àbàwọ́n sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ẹ ó nu inú adapter ODF (ihò tí orí fáíbà méjì ti ń pàdé), torí orí fáíbà kejì wà lẹ́yìn ibẹ̀, òun lẹni tí a máa ń gbàgbé. Ẹ má fẹnu fẹ́ ẹ, itọ́ ni ẹ ń fẹ́ sí i. Ẹ má sì fi etí ẹ̀wù nù ún, bó ti wù kí aṣọ náà funfun tó. Ẹ má wo orí fáíbà pẹ̀lú ojú lásán: ìmọ́lẹ̀ 1310 àti 1550 kò ṣeé rí, ó sì ń ba ojú jẹ́.

Ẹ wo àwọ̀ orí náà pẹ̀lú. Búlúù jẹ́ UPC, orí rẹ̀ tẹ́jú. Àwọ̀ ewé jẹ́ APC, a gé e dagun ní dìgírì 8. Bí ẹ bá fi tipátipá kó méjèèjì wọnú adapter kan, wọn kò ní í fẹnu kanra, ọ̀pọ̀ dB á sì ṣòfò níbẹ̀. SFP tó ń lo LC, búlúù ló fẹ́. Bí ODF bá jẹ́ aláwọ̀ ewé, ẹ lo patch cord tí ẹnu rẹ̀ kan jẹ́ ewé, tí èkejì jẹ́ búlúù.

Ìṣirò ìmọ́lẹ̀

Ibí ni a ti ń mọ SFP tó yẹ, kì í ṣe nínú ìwé ìpolówó ọjà. Ẹ jẹ́ ká ní okùn tó ti Kubwa wọ Wuse jẹ́ kìlómítà 24 lójú OTDR (ẹ̀rọ tó ń wọn gígùn okùn àti ibi tó ti ń jò). Ti OTDR ni kí ẹ lò, ẹ má lo ti mítà ọkọ̀, nítorí pé okùn máa ń ká jọ nínú ihò manhole, ó sì máa ń yí gba ibi tí ọkọ̀ kì í gbà. Fáíbà G.652D (irú single-mode tó wọ́pọ̀) máa ń jẹ nǹkan bí 0.35 dB ní kìlómítà kan lórí 1310 nm, àti nǹkan bí 0.22 dB lórí 1550.

Lórí 1310, 24 × 0.35 jẹ́ 8.4 dB. Bí gígùn okùn inú dírọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan bá jẹ́ kìlómítà 4, oríkèé (ibi tí a ti jó okùn méjì pọ̀) márùn-ún ló wà lójú ọ̀nà. Ẹ fi méjì ti ìpẹ̀kun kún un, méje. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá jẹ 0.1 dB, 0.7 nìyẹn. Connector (orí tí a ń ki bọ ihò) mẹ́rin, tí ẹ ka ọ̀kọ̀ọ̀kan sí 0.5, jẹ́ 2 dB. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 11.1 dB. Ẹ tún fi 3 dB pamọ́, torí katapílà tó ń la ọ̀nà máa gé okùn yẹn lọ́jọ́ kan, oríkèé tuntun á sì wọ ibẹ̀.

SFP 1 Gbps ti 10 km, èyí tí TX rẹ̀ lè rẹlẹ̀ tó −9.5 dBm, á dé òdìkejì ní −20.6. RX rẹ̀ ń fẹ́ nǹkan bí −19 tàbí −20. Ó lè tàn lónìí bí TX tiyín bá lágbára díẹ̀, kó sì máa kú kó máa jí lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ìyẹn gan-an ni irú àrùn tó ń gbé oníṣẹ́ dìde lóru. Ti 40 km lórí 1310, tó ń jù ní −5 ó kéré tán, á dé ní −16.1, lẹ́yìn gígé ọjọ́ iwájú, −19.1. RX rẹ̀ ṣì ń ríran títí dé nǹkan bí −23. Èyí ló yẹ. Ti 80 km lórí 1550 ń kọ́? Ohun tí ọ̀nà jẹ á jẹ́ 5.3 + 0.7 + 2, ìyẹn 8 dB. TX rẹ̀ wà láàárín 0 àti +5, nítorí náà ohun tó máa dé wà láàárín −8 àti −3. −3 ni ẹnu ààlà. Ẹni tó bá fẹ́ lò ó níbí gbọ́dọ̀ fi attenuator 5 dB sí ẹnu RX. A ti rí ibi tí wọ́n ti ra SFP olówó ńlá tán, tí wọ́n tún ń wá owó attenuator.

Ti 10 Gbps kò ní sùúrù bẹ́ẹ̀. TX 10GBASE-LR (SFP 10 Gbps ti 10 km) lè rẹlẹ̀ tó −8.2, RX rẹ̀ ń fẹ́ −14.4, 6.2 dB péré ló wà láàárín wọn. Lórí ọ̀nà Kubwa yìí, ER (ti 40 km) ti 1550 ni kí ẹ gbé lọ.

Bí fáíbà bá ṣọ̀wọ́n, tí ẹ ń lo BiDi tó ń lo okùn kan fún lílọ àti bíbọ̀, ẹ rántí pé tọkọtaya ni wọ́n. Bí ti ibí bá ń jù ní 1310 tó ń gbà ní 1490, ti ọ̀hún gbọ́dọ̀ jù ní 1490 kó gbà ní 1310. Ọkọ méjì kò lè rí ara wọn láéláé.

Ẹ fi light source àti power meter wọn okùn náà gan-an kí ẹ tó ki SFP bọ̀ ọ́. Bí mítà bá fi 2 dB àti jù bẹ́ẹ̀ kọjá ohun tí ẹ ṣírò, ẹ wá ibi tó ti ń jò. Lórí OTDR, bí ibì kan bá jẹ ìmọ́lẹ̀ lórí 1550 ju bó ṣe jẹ ẹ́ lórí 1310 lọ, okùn ló ká jù níbẹ̀: bóyá ẹnì kan fi cable tie fún un lọ́rùn, tàbí ó ká mọ́ra nínú tíréè. Patch cord kò gbọ́dọ̀ ká ju kí ìdajì ìbú àyíká rẹ̀ jẹ́ mílímítà 30. Bí oríkèé lásán bá ga, ẹni tó splice é (tó jó o pọ̀) ni kí ẹ pè. Nígbà ọyẹ́, eruku máa ń jókòó sínú ihò V ẹ̀rọ splice, bí iṣẹ́ bá sì gbé e gun òkè Jos, ó yẹ kó tún arc calibration (títún iná ìjópọ̀ ẹ̀rọ náà wọ̀n) ṣe. Ẹ má so OTDR mọ́ okùn tí SFP ṣì wà ní òdìkejì rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ lè ba RX jẹ́.

Kọ́ńfígì

Console máa ń ṣí ní eré 9600 tàbí 115200 bit ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ohun tó ń jáde lójú kọ̀ǹpútà bá rí bí ọ̀rọ̀ wèrè, eré ni kò bára mu. Ẹ yí ọ̀rọ̀ aṣínà tó bá ẹ̀rọ dé padà kí ẹ tó ṣe nǹkan mìíràn, ẹ fún swíìṣì lórúkọ, ẹ so aago rẹ̀ mọ́ NTP (aago orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì) ní UTC+1, ẹ tan SSH (ọ̀nà ìwọlé láti òkèèrè tó ń fi ọ̀rọ̀ pamọ́), ẹ pa Telnet (èyí tí kì í fi pamọ́).

Lórí Cisco IOS (software swíìṣì Cisco), ìlà tó ń ṣí pọ́ọ̀tì tó kọjú sí Wuse lè rí báyìí:

interface GigabitEthernet0/1
 description NNI-WUSE-24KM-1310
 switchport mode trunk
 switchport trunk allowed vlan 100,2001-2010
 no shutdown

100 ni VLAN ìṣàkóso, 2001 dé 2010 ni ti oníbàárà. Ìlà kẹrin yẹn ti dá wàhálà sílẹ̀ ju bó ṣe rí lọ. Lọ́jọ́ tí oníbàárà kọkànlá bá dé, bí ẹ bá kọ "switchport trunk allowed vlan 2011" láìfi "add" sí i, 2011 nìkan ló máa kù. 100 á lọ, ẹ̀yin náà á sì já kúrò lórí swíìṣì láti òkèèrè. Kí ẹ tó yí nǹkan kan padà láti ọ́fíìsì, ẹ kọ "reload in 10". Bí ẹ bá ti ara yín mọ́ ìta, swíìṣì á tún ara rẹ̀ tàn lẹ́yìn ìṣẹ́jú 10 pẹ̀lú kọ́ńfígì àtijọ́. Bí ohun gbogbo bá lọ dáadáa, "reload cancel", lẹ́yìn náà "write memory". Ẹni tó bá gbàgbé èyí tó kẹ́yìn, bí iná bá lọ, kọ́ńfígì lọ.

MTU (ìwọ̀n férémù, ìyẹn ìdì dátà, tó tóbi jù tí pọ́ọ̀tì lè gbé): férémù Ethernet lásán tó 1518 bytes, VLAN kan sọ ọ́ di 1522, Q-in-Q tó ń gbé VLAN oníbàárà sínú tiyín sọ ọ́ di 1526. Ẹ fi pọ́ọ̀tì àárín nẹ́tíwọ́ọ̀kì sí 9000 àti jù bẹ́ẹ̀, kí gbogbo swíìṣì ojú ọ̀nà sì bára mu. Láti kọ̀ǹpútà Windows oníbàárà, "ping -f -l 1472" gbọ́dọ̀ kọjá. 1472 pẹ̀lú 28 ti àkọlé ICMP àti IP tó ń tẹ̀ lé ping jẹ́ 1500. Bí 1472 bá kọ̀ tí 1400 lọ, swíìṣì kan lójú ọ̀nà ló ń gé férémù. Oníbàárà á máa sọ pé WhatsApp ń lọ ṣùgbọ́n ojú òpó báńkì kò ṣí.

Autonegotiation (bí pọ́ọ̀tì méjì ṣe ń fẹnu kò lórí eré) gbọ́dọ̀ rí bákan náà ní ìpẹ̀kun méjèèjì. Lórí fáíbà 1 Gbps, bí ẹ bá pa á níhìn-ín tí ẹ tàn án lọ́hùn-ún, ibí á sọ pé òun ti dìde, ọ̀hún á sọ pé òun ṣì wà nílẹ̀, ẹ̀yin méjèèjì á sì máa bá ara yín jà lórí fóònù.

Bí ẹ bá ń ṣe òrùka, fún àpẹẹrẹ Wuse, Gwarinpa, Kubwa padà sí Wuse, ẹ má so ẹ̀gbẹ́ tó kẹ́yìn mọ́ra kí G.8032 (ìlànà tó ń ṣọ́ òrùka kí dátà má baà yí po) tó wà lórí gbogbo swíìṣì. Ẹ fi pọ́ọ̀tì kan sí shutdown títí ẹ ó fi yan RPL owner (swíìṣì tó ń dí ẹ̀gbẹ́ kan òrùka) àti VLAN tí R-APS (ìfiránṣẹ́ G.8032) ń gbà. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, broadcast (ìfiránṣẹ́ sí gbogbo ẹ̀rọ) á máa yí po láìdúró, gbogbo òrùka á sì dákú. Tó bá dára, nǹkan bí 50 ms ló ń gbà láti yí gba ẹ̀gbẹ́ kejì. Lẹ́yìn àtúnṣe, á dúró fún ìṣẹ́jú márùn-ún, iye tí WTR (àkókò ìdúró lẹ́yìn àtúnṣe) sábà máa ń jẹ́, kó tó padà. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ sí í tú u nítorí pé kò tíì padà lójú ẹsẹ̀. Òrùka tí apá méjèèjì rẹ̀ wà nínú kòtò kan náà kì í ṣe òrùka. Katapílà kan á gé méjèèjì.

Ìdánwò, àti ohun tó ń ṣe é bí kò bá lọ

Ẹ kọ iye TX àti RX sílẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, pẹ̀lú "show interfaces transceiver detail". Nọ́mbà yẹn ni ẹ ó máa fi wé ti ọjọ́ iwájú. RX tó wà ní −40 tàbí tó jọ ọ́ túmọ̀ sí pé ìmọ́lẹ̀ kò dé rárá. Ẹ yí TX àti RX padà ní ìpẹ̀kun kan ṣoṣo. Bí ẹ bá yí i ní méjèèjì, ibi tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ náà ni ẹ padà sí. RX dára ṣùgbọ́n pọ́ọ̀tì kò dìde: autonegotiation, eré, BiDi tí kò bára mu, tàbí swíìṣì tó kọ SFP tí kì í ṣe ti iléeṣẹ́ tó ṣe é. Pọ́ọ̀tì dìde ṣùgbọ́n CRC (iye àṣìṣe férémù) ń gùn: eruku, tàbí ìmọ́lẹ̀ tó kéré jù tàbí tó pọ̀ jù. Bó bá jẹ́ ọ̀sán nìkan ló ń kú, ẹ wo ìwọ̀n ooru SFP. Irú èyí tó wọ́pọ̀ kò gbọ́dọ̀ kọjá 70 °C, kábínẹ́ẹ̀tì ojú òòrùn ní Sokoto tàbí Maiduguri ní oṣù Kẹrin kò sì ṣàánú ẹnì kan. Ti −40 dé 85 °C ni kí ẹ rà fún irú ibẹ̀.

Nígbà tí ẹ bá ń fi ẹ̀rọ ṣe RFC 2544 (ìdánwò eré àti ìdádúró ìsopọ̀), ẹ ṣàlàyé fún oníbàárà ṣáájú pé férémù 64 bytes kò lè fi ju nǹkan bí 762 Mbps hàn lórí pọ́ọ̀tì 1 Gbps. Férémù kọ̀ọ̀kan máa ń gbé bytes 20 mìíràn lọ tí ẹ̀rọ kì í kà. Kì í ṣe ẹ̀yin lẹ jí i. Ìdádúró lójú fáíbà jẹ́ nǹkan bí 5 máíkírósẹ́kọ́ńdì ní kìlómítà kan. Lílọ àti bíbọ̀ fún kìlómítà 24 kò tó ìdá kan nínú mẹ́ta mílísẹ́kọ́ńdì. Bí ping bá sọ 9 ms láàárín swíìṣì méjèèjì, ó ṣeé ṣe kí ó máa yí gba ibòmíràn, tàbí kí iṣẹ́ pọ̀ lórí CPU tó ń dáhùn; ẹ wo ọ̀nà tó ń gbà kí ẹ tó gbé ọkọ̀ sójú ọ̀nà.

Kí ẹ tó jáde, ẹ kọ orúkọ sí orí patch cord ní ìpẹ̀kun méjèèjì, ẹ dí ihò tí wáyà gbà wọ kábínẹ́ẹ̀tì kí èkúté má baà tẹ̀ lé e, ẹ sì fi ọmọrí sí gbogbo pọ́ọ̀tì tí ẹ kò lò. Níbi tí fáàní swíìṣì bá ti ní fílítà, ẹ fọ̀ ọ́ lóṣooṣù ní gbogbo àsìkò ọyẹ́, kí ẹ sì jẹ́ kó gbẹ dáadáa kí ẹ tó dá a padà.